Òkú Iva Valley, Òkú Tiwa Náà Ni

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí ẹ ń kàwé nílùú Enugu, a mọ̀ pé bí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ojú ewé ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín kọ́kọ́ ń ṣí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà lọ́dọ̀ wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan ń jà nílẹ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ sùnùkùn sì ni. Ojú sùnùkùn ni a ó fi wò ó.

Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ awakùsà àtijọ́ ní ìlú yìí ń rántí àwọn 21 tí ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn pa ní Iva Valley lọ́dún 1949. Nígbà tí a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa lọ bá wọn kẹ́dùn, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní, "Òkú àwọn Ìgbò ni, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé àwọn náà máa ń bá wa ṣe June 12 ni?" Àwa tí a ń kọ èyí wà lára àwọn tó ní kí a lọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ wá ojú rere onílé. Ìdí tiwa wà lọ́tọ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú wa. Bí ọkọ̀ wa bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó bọ̀, tó kọjá Onitsha, tó dé 9th Mile, tí àwọn tó ń ta ọ̀kpá ti sáré yí fèrèsé ká, tí awakọ̀ sì ní ojú ọ̀nà àtijọ́ ni òun yóò gbà wọ ìgboro, òkè Milliken ni yóò bá sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà náà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Onígbàgbọ́ a pe Jésù, mùsùlùmí a ṣe bísímílà, ẹni tí kò ṣe méjèèjì a di àga iwájú mú. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni Iva Valley wà.

Ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Udi. Ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tó sì di 1916, reluwé ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Èédú ló bí ìlú ńlá tí a ń gbé yìí, òun náà ló fún un ní orúkọ Coal City tí gbogbo wa fi ń yangàn bí a bá délé. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ibi tí èédú náà ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Ìddó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá láyé ọjọ́un, èédú Enugu ni wọ́n ń kó sí i nínú. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọ́rà tó ń tan iná fún Èkó, òun náà jẹ nínú rẹ̀. Bàbá àgbà ẹni tó wọ reluwé lọ ṣòwò ní Kano tàbí ní Jọ́ọ̀sì, òógùn àwọn tó wà nínú ihò níhìn-ín ló gbé e lọ, tó sì gbé e bọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, kó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìnrìn àjò nígbà náà.

Ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ owó ni. Lóṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn tó ń gé èédú ní owó kan wà tí ilé iṣẹ́ jẹ àwọn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà á. Isaiah Okwudili Ojiyi ni olórí ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé. Ohun tí wọ́n ṣe ni èyí tí wọ́n ń pè ní "welu nwayo" lédè Ìgbò, ìyẹn ni pé kí á rọra máa ṣe é. Wọ́n ń wọ inú ihò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èédú kò jáde bí ó ti yẹ. Àwọn ọ̀gá bínú, wọ́n lé àwọn kan dànù. Àwọn yòókù wá jókòó ti ibi iṣẹ́, wọn kò kúrò, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá fi lè jáde, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn síta.

Ìjọba ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta nínú ihò. Wọ́n rò pé àwọn ọ̀dọ́ Zikist tó ń ta ko òyìnbó lákòókò náà lè jí i lò. Wọ́n bá rán ọlọ́pàá lọ kó o. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ F. S. Philip kó àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó gbé ìbọn dání dé Iva Valley. Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ra, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Philip kò gbọ́ èdè wọn, kò mọ ohun tí orin náà ń wí. Ó ní ó jọ lójú òun pé wọ́n fẹ́ kọlu àwọn. Ó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Sunday Anyasodo, ni ìbọn kọ́kọ́ bà. Nígbà tí wọ́n ka òkú tán, àti ti ojú ibẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn, ó jẹ́ 21. Àwọn 51 fara gbọgbẹ́.

Ẹni tó ń jó ni wọ́n rò pé ó fẹ́ jà. Àwa tí ìlù wa kì í dákẹ́ níbi ìpàdé, tí àwọn aládùúgbò wa níhìn-ín sì máa ń yọjú lójú fèrèsé wò wá tìyanutìyanu, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ.

Ibi tó ti wá kan Yorùbá nìyí. Lọ́dún 1948, ọdún kan péré ṣáájú, àárín Yorùbá àti Ìgbò ní Èkó ti dàrú. Ìwé ìròyìn ti Zik ń bú àwọn tọ̀hún, ti àwọn tọ̀hún ń bú Zik, ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn olóríkunkun nínú ìhà méjèèjì gbọ̀nà ọjà lọ, wọ́n ra àdá. Wọ́n ra àdá tán lọ́jà! Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn Iva Valley dé, àwọn tó ń ra àdá de ara wọn jọ káwọ́ lórí. Wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Pàjáwìrì ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àwọn ará Zik wà níbẹ̀, àwọn ará Nigerian Youth Movement náà wà níbẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe alága? Dókítà Akinọlá Májà, ọmọ Yorùbá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Ní Aba, Port Harcourt, Calabar àti Onitsha, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dúró béèrè ìlú tí àwọn òkú náà ti wá.

A kò ní purọ́ fún yín pé ìṣọ̀kan náà pẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà tí ìgbìmọ̀ náà fi tú ká, tí àwọn olóṣèlú sì padà sí bí wọ́n ti wà. Àwa náà rí bí ó ti rí ní Èkó lákòókò ìbò gómìnà oṣù kẹta 2023, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn kan kúrò níbi ìdìbò nítorí pé ojú wọn jọ ojú Ìgbò. Àdá ti kúrò lọ́jà báyìí, ó ti wọ inú fóònù. Ẹ̀yin náà mọ irú ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wa nílé ń fi ránṣẹ́ sí wa nípa àwọn tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, ẹ sì mọ irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn náà nípa wa. Ẹni tó bá ń gbé láàárín ìhà méjèèjì bí tiwa kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i.

Ọmọ Yorùbá kejì wà nínú ìtàn Iva Valley, tirẹ̀ sì ta kókó ju ti Májà lọ. Ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, wọ́n fi Sir William Fitzgerald ṣe alága. Adájọ́ ọmọ Áfíríkà méjì wà níbẹ̀: Quashie-Idun láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, àti Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, ẹni tó wá di adájọ́ àgbà fún gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1958. Ní 1950 ni àbọ̀ wọn jáde. Wọ́n bá ìjọba wí pé ó mú ìjà owó bí ìjà òṣèlú, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu Ojiyi gidigidi, wọ́n sì ní Philip ṣe àṣìṣe nínú èrò tó gbà lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe! Òkú 21 wà nílẹ̀, wọ́n ní àṣìṣe ni. Àwọn kan nínú wa ní kí a má dárúkọ Adémọ́lá nínú ọ̀rọ̀ yìí kí a má baà ba ẹni ńlá wa jẹ́. A kò bà á jẹ́. Ẹni ńlá ni, ẹni ńlá náà ni yóò máa jẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé Yorùbá kò lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀. A wà níbi ẹkún, a sì wà níbi ìdájọ́.

Bí ẹ bá dé irú ibi ìrántí bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ kí ẹni tó gba gbohùngbohùn máa wí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn awakùsà ni a fi ra òmìnira. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ o. Ikú wọn dáná sí abẹ́ àwọn tó ń jà fún òmìnira. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò béèrè àsíá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, owó wọn ni wọ́n béèrè. Bí a bá sọ wọ́n di akọni òmìnira tán, kíá ni a ó gbàgbé gbèsè tí wọ́n torí rẹ̀ kú. Ó sì rọrùn fún ìjọba láti gbé òdòdó sórí ibojì akọni ju kí ó san owó fún ẹni tó wà láàyè. Ẹ bi àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ èédú lẹ́yìn ìgbà náà léèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kígbe nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn lẹ́yìn tí kòtò ti dákẹ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí àwọn bàbá wọ̀nyí bá péjọ lọ́jọ́ 18, kì í ṣe ọ̀rọ̀ 1949 nìkan ló wà lọ́kàn wọn. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé June 12 tí wọ́n fi ń ko wá lójú yẹ̀ wò. Wọ́n dìbò lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà 1993. Lọ́jọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun Babangida fagi lé e. Nígbà tó di oṣù keje, àwọn ará Èkó jáde sí títì, ṣọ́jà sì yìnbọn sí wọn. Fún nǹkan bí ọdún 25, ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọjọ́ náà sétí. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó ń ru pátákó kiri nínú òòrùn tí ọlọ́pàá ń fi tiagáàsì lé wọn. Lọ́dún 2018 ni Ààrẹ Buhari sọ ọ́ di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Inú wa dùn, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti gba ọjọ́ náà sọ́wọ́, orúkọ Abíọ́lá ni à ń gbọ́, ti Kúdírátù aya rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà 1996 a sì máa tẹ̀ lé e. Ó tọ́, ó yẹ. Nínú àwọn tó ṣubú sí títì Èkó lóṣù keje 1993, ta ló lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan? A bi ara wa léèrè nípàdé, ilé pa rọ́rọ́.

Ibi tí Iva Valley fi ju tiwa nìyẹn. Kò sí olówó, kò sí olóyè nínú òkú ibẹ̀, kò sí ẹni ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ lè bo ti ìyókù mọ́lẹ̀. Àwọn 21 náà, orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ènìyàn lè kà á láti òkè délẹ̀.

Àwọn tó béèrè bóyá Ìgbò ń bá wa ṣe June 12, ìbéèrè wọn kò burú, ìdáhùn rẹ̀ ni wọn kò wá. Ẹni tó darí ìbò náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, ọmọ Ìgbò ni, Nsukka níhìn-ín ló sì ti ṣe olùkọ́. Ndubuisi Kanu, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìgbò ni, ó sì wà nínú NADECO nígbà tí àwọn olóṣèlú Yorùbá kan tí a mọ̀ bí ẹni mowó ń jẹun lọ́dọ̀ Abacha. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún máa ka iye ẹni tó wá àti iye ẹni tí kò wá. Ilé òkú kì í ṣe ibi àdáṣe èsúsú tí a ń béèrè pé ta ló ti san tirẹ̀.

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020, ní ibodè Lẹ́kí, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mú ohun ìjà dání jókòó, wọ́n ń kọrin orílẹ̀-èdè, wọ́n ń ju àsíá. Ṣọ́jà dé, wọ́n yìnbọn. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó ní Èkó, nínú oṣù kọkànlá 2021 àbọ̀ wọn jáde, wọ́n pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ tó le. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní òun kò gba ti òkú mẹ́sàn-án tí wọ́n sọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ padà lọ síbẹ̀ lọ́dún 2022 láti rántí, tiagáàsì ni ọlọ́pàá fi kí wọn káàbọ̀. Ẹ gbé ìwádìí Fitzgerald sí ẹ̀gbẹ́ èyí, kí ẹ wá sọ fún wa bí òyìnbó ti lọ tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá ẹni tó kú ní Lẹ́kí rí ẹni bá a sunkún ní Enugu, ó yẹ kí a rí òun náà ní Iva Valley.

Ẹnìkan yóò ní kí ló dé tí a kò mẹ́nu ba ogun abẹ́lé, èyí tí òkú tirẹ̀ kò ṣeé kà. Enugu ni olú ìlú Biafra láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1967 títí tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi wọ ibẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ju ojú ewé tiwa lọ. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún, bí àwọn kan bá ti pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú jókòó sílé, títì a dá. Ta ló jókòó nítorí òkú rẹ̀? Ta ló jókòó nítorí kí wọ́n má baà sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì dùn wá fún ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tó bógun lọ, tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ẹ̀rù aládùúgbò. Iva Valley kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù ló ń lọ.

Bí a ó bá lọ, a ní bí a ṣe fẹ́ kí a lọ. A kò fẹ́ àǹkárá ẹgbẹ́. A kò fẹ́ gángan, a kò fẹ́ ọ̀págun, a kò sì fẹ́ kí alága wa lọ jókòó láàárín àwọn ọlọ́lá kí wọ́n máa kí i pé aṣojú Yorùbá dé. Kí a lọ bí ará àdúgbò ti ń lọ kí ọlọ́fọ̀. Yorùbá mọ èyí ṣe: a ó bọ́ fìlà, a ó jókòó sẹ́yìn, a ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, a ó dákẹ́. Ẹni tó bá lè sọ "ndo" lédè tiwọn, ó ti ṣe é tán. Bí wọ́n bá ní kí a sọ̀rọ̀, kí akọ̀wé dìde kó sọ gbólóhùn méjì péré, kó jókòó.

Ohun kan ló kù tí a bẹ̀bẹ̀ fún. A fẹ́ ka orúkọ àwọn 21 náà sókè ní ìpàdé tiwa ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọ ẹgbẹ́ kan sí orúkọ kan. Ìgbò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí tiwa, orúkọ wọn sì lè yí padà lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pè. Inú máa ń bí wa bí olùkọ́ bá pe Adébáyọ̀ tàbí Ọláníkẹ̀ẹ́ ní ìpèkúpè nínú kíláàsì, nítorí náà ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a fi ìpèkúpè bá òkú lò. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọmọ Udi tàbí Ngwo, tó sì ní sùúrù, kó bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ìwé orúkọ náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A ó fi ọ̀kpá àti mínírà ṣe é lálejò.